Omi Tí Kì Í Ṣe Ti Odò

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí Viola Trujillo sáré dé etí odò, kò sì sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ṣẹfurolẹ́ ọdún 1954, pupa bí ata gbígbẹ, tí wọ́n ti rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn gbálẹ̀, irú èyí tí àwọn ará ìlú Española fi ń yan fanda lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n nílùú. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ yìí láìrí Onofre Trujillo nídìí sítíárìn rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Arúgbó náà sì ti jáde nílé láti àárọ̀ àná.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà lókè. Nítòsí rẹ̀, odò Rio Grande ń ru gùdù. Yìnyín orí òkè ti yọ́ sínú rẹ̀, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ń gbé odindi igi lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti fi okùn so ara wọn pọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá gún abẹ́ koríko etí omi. Viola mọ ohun tí wọ́n ń wá. Kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

“Ó jọ pé ẹ́ńjìnnì ló hó mọ́ wọn lọ́wọ́,” ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá sọ fún un. “Ẹ̀yin náà sọ pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbóná. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n bu omi sí i, ẹsẹ̀ yẹ̀. Ẹni ọjọ́ orí tiwọn, odò bíi tòní…”

Leroy, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ọkùnrin gíga bí òpó iná ni, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì ńlá. Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì, ó ń fi èkejì júwe ìsàlẹ̀ odò fún àwọn tó ń wá. Viola mọ ìdí tí ọwọ́ ọ̀hún fi wà nínú àpò. Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni Viola, òun ló sì di ọwọ́ náà ní báńdéèjì nírọ̀lẹ́ àná. Leroy ní omi gbígbóná tí òun fi ń rẹ tówẹ́ẹ̀lì ló dà sí òun lára.

“Viola, máa lọ sílé,” ni Leroy wí. Ètè rẹ̀ ti funfun. “Má dúró wo èyí.”

Kò lọ.

Ìgbà náà ni Sájẹ́ǹtì Cordelia Naranjo dé, obìnrin kúkúrú kan tí ewú ti bo orí rẹ̀, tó máa ń fi eyín pa èso igi páìnì jẹ bó bá ń ronú. Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgbègbè náà. Wọ́n máa ń sọ pé irọ́ kì í sùn mọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn kọjú sí odò. Òun kọ ẹ̀yìn sí i, ó wọ inú ọkọ̀ lọ, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń retí kí ọkọ̀ bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Viola.

“Ṣé bàbá rẹ ga?”

“Rárá o, Sájẹ́ǹtì. Èjìká mi ni wọ́n mọ.”

“Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rí títì nínú ọkọ̀ yìí?”

“Wọ́n máa ń jókòó lórí tìmùtìmù. Ìyá wa ló rán an fún wọn.”

Naranjo tọ́ka sẹ́yìn. Tìmùtìmù náà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó dojú dé, bí ohun tí wọ́n jù sọnù.

Bàbá rẹ̀ kò lè wa ọkọ̀ náà dé ibí láìjókòó lé e.

“Hítà ńkọ́?” ni Naranjo tún bi í. “Oòrùn yìí fẹ́ bó wa lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n fa ọwọ́ hítà dé òpin, wọ́n sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Ọlọ́pàá mi ní arúgbó ti ń ṣe rán-ún-rán.”

“Bàbá mi kì í ṣe rán-ún-rán.” Inú bí i débi tó gbàgbé ẹ̀rù fún ìṣẹ́jú kan. “Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná lórí òkè, hítà ni wọ́n máa ń tàn. Ó máa ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì wá sọ́dọ̀ èèyàn. Ẹ ó làágùn bí ẹran tó wà lórí ààrò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á dé òkè. Wọ́n kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọge.”

“Lórí òkè.” Naranjo tu èèpo èso sí ọwọ́. “Láti ilé yín títí dé etí odò níbí, òkè wo ló wà?”

Viola wo títì náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

“Kò sí,” ló wí.

Leroy ti sún mọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ṣé ẹ ní ẹlòmíì ló wa ọkọ̀ náà dé bí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ pe Haldane, ọkùnrin Santa Fe tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́. Kò jẹ́ kí bàbá wa gbádùn nítorí ọkọ̀ yìí. Ó sì ga.”

“Mi ò tíì sọ pé ẹni gíga ni mò ń wá,” ni Naranjo dáhùn pẹ̀lẹ́.

“Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tìmùtìmù.”

“Etí rẹ mú. Ó dáa. A ó ránṣẹ́ pè é.”

Viola di Haldane mú lọ́kàn bí ẹni tó ń rì ṣe ń di ẹ̀ka igi mú. Kó jẹ́ òun. Kó jẹ́ àjèjì. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé Prescott Haldane dé, tó sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ń dán, Viola wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ejò.

“Níbo lẹ wà lánàá?” ni Naranjo bi í.

“Lábẹ́ ọkọ̀, nínú gáréèjì mi. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú mi. Ẹ lè bi í, inú rẹ̀ á dùn láti tún un bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ fẹ́ gba ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ Don Onofre.”

“Mo fẹ́ rà á. Ó ní àfi bí òun bá kú.” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló rí Viola. Ojú tì í. “Ẹ forí jì mí, ọmọbìnrin. N ò gbèrò ibi.”

“Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò,” ni Naranjo wí. “Kí ló ń mú un gbóná?”

Haldane bọ́ kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọwọ́ tẹ rọ́bà ńlá tó ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà náà pa pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìjanpata.

“Ohun tó ń da arúgbó láàmú láti ọjọ́ yìí nìyí,” ló wí. “Sípíríìngì kan ló yẹ kó wà nínú rọ́bà yìí tí kò ní jẹ́ kó pa pọ̀. Ó ti dípẹtà, ó ti jẹ dànù. Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn lórí òkè, pọ́ńpù á máa fa omi kíkankíkan, rọ́bà á lẹ̀ pọ̀, omi ò ní kọjá mọ́. Àfi híhó. Onofre ti pààrọ̀ tẹmositáàtì, ó pààrọ̀ pọ́ńpù, ó fi ọtí kíkan fọ rédíétọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ròyìn fún mi. Kò sẹ́ni tó ronú kan rọ́bà lásán.”

“Nínú ìlú tàbí lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò lè hó?” ni Naranjo bi í.

“Kò lè hó.”

Ó fa irin tí wọ́n fi ń yẹ ọ́ìlì wò yọ. Ọ́ìlì tó yẹ kó dúdú ti ṣì, ó rí bíi kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí.

“Ta ló ṣe èyí?” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Wọ́n da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Orí ẹ́ńjìnnì ti là, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Onofre ò lè ṣe èyí láéláé. Èmi náà ò lè ṣe é, bí ẹ tilẹ̀ na ìbọn sí mi. Èèyàn á jókòó ni, á sì dúró títí á fi tutù.”

Omi ti lé sójú ọkùnrin náà. Naranjo wò ó díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e padà sílé. Ẹ̀ka igi tí Viola dì mú sì já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Naranjo fà á lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ariwo odò ò ti ní jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ wọn.

“Fetí sí mi dáadáa. Ọkọ̀ yìí gun òkè, torí lórí òkè nìkan ló ti ń hó. Bàbá rẹ ló wà nídìí rẹ̀, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ló tan hítà. Nígbà tó hó, wọ́n dúró. Ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì wá da omi tútù sí i.” Ó na ìka tó ti tì bọ ẹnu rédíétọ̀. Omi mímọ́ gaara wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan tó yọ̀, tó láwọ̀ ewé. “Wo omi odò. Ẹrẹ̀ ni. Èyí ní ewédò nínú. Omi tó dúró sójú kan nínú oòrùn ni, irú èyí tó ń wà nínú táńkì tí màlúù ń mu. Lẹ́yìn náà, ẹni gíga kan ju tìmùtìmù sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí bọ̀ láti orí òkè títí dé ibi tí a ó ti rò pé odò ló gbé bàbá rẹ lọ.”

“Bàbá mi ò sí nínú odò?”

“Kò sí. Orí òkè ni wọ́n wà, nínú oòrùn yìí. Bóyá wọ́n ṣì ń mí, bóyá wọn ò mí mọ́. Ṣùgbọ́n òkè ló yí wa ká, táńkì màlúù sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹni. Bí mo bá ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó pẹ́ jù.” Ó pa èso kan jẹ. Kò wo Viola lójú. “Ẹni tó ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó ń hó, ooru rẹ̀ á bẹ́ sí i lára. Ẹni yẹn ò lè ṣàì ní egbò lọ́wọ́.”

Viola rántí báńdéèjì.

Ó tún rí yàrá ìdáná rẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná. Leroy jókòó lórí àga, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i, ara ti bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn dùn-ún-dùn-ún, bíi ṣúgà tó ń jóná. Láti kékeré ni Viola ti mọ òórùn yẹn, òórùn omi aláwọ̀ ewé tí bàbá wọn ń dà sí rédíétọ̀. Imú rẹ̀ sọ fún un lánàá. Kò gbà fún imú rẹ̀.

Ó wo Leroy tó dúró létí omi. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ọwọ́ Leroy ló mú tó fi lé e lọ́wọ́. Bó bá lanu, ó ti fa àbúrò rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, bóyá nítorí ẹni tó ti kú. Bó bá pa ẹnu mọ́, tí bàbá wọn sì ń pòǹgbẹ níbì kan, òun náà ti di apànìyàn. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Oòrùn ń lọ ní tirẹ̀.

“Sájẹ́ǹtì,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì jọ tirẹ̀. “Èmi ni mo di ọwọ́ Leroy.”

Naranjo mi orí bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Ó rìn jẹ́jẹ́ lọ bá Leroy, Viola sì tẹ̀ lé e.

“Leroy, táńkì wo lo ti bu omi?”

“Omi wo?”

“Omi tó wà nínú ọkọ̀ bàbá rẹ.”

“N ò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lánàá. Ẹ bi—”

“Leroy,” ni Viola wí. “Òórùn rẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ.”

Leroy jókòó sórí òkúta, ó fi ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì bo ojú.

“Wọ́n ti kú, Viola. Mo fojú mi rí i. Wọn ò mira.”

“Níbo?” ni Naranjo bi í.

“Orí òkè Cuesta del Borrego, nídìí ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tó ń fa omi fún màlúù. Àwọn ló ní kí n bá àwọn lọ. Wọ́n ní kí n wá mọ ọkọ̀ tí n ó jogún. Ó hó. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, wọ́n ń pariwo mọ́ mi bí ẹni tó ń lé ajá. N ò gbọ́. Ìdérí bẹ́, ó jó mi, mo fi agolo bu omi dà sí i, a sì gbọ́ nǹkan tó là kàù nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń sunkún, Viola. Ara mi ń bó, wọ́n ń sunkún nítorí irin. Mo tì wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣubú sínú kòtò ọ̀gbàrá.”

“Ṣé o sọ̀ kalẹ̀ lọ wò wọ́n?”

“Rárá.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ̀rù bà mí.”

Viola fẹ́ gbá a létí. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò ráyè ṣe ọ̀kankan. Naranjo ti ń ké sí àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi odò sílẹ̀, kí ọkọ̀ àwọn aláìsàn tẹ̀ lé òun.

Ọ̀nà Cuesta del Borrego lọ́ bí ìfun. Leroy wà lẹ́yìn láàárín ọlọ́pàá méjì. Nígbà tí wọ́n yọ sí orí òkè, Viola rí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà tó ń yí lọ́ọ́rọ́, ó sì rí igún lójú ọ̀run, kì í ṣe ọ̀kan. Ó kùn “Olúwa, Olúwa,” títí ọkọ̀ fi dúró.

Leroy nawọ́ sí kòtò náà. Viola ló kọ́kọ́ dé etí rẹ̀.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Fìlà bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú sì wà lórí òkúta. Kò sí nǹkan míì. “Níbẹ̀ ni wọ́n wà,” ni Leroy ń wí, “mo búra, níbẹ̀ gan-an ni.” Viola ronú nípa àwọn ajáko tó ń hu lórí òkè wọ̀nyẹn lálaalẹ́.

Naranjo ti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Ó lóṣòó, ó ń wo iyanrìn bí ẹni tó ń kàwé.

“Ẹsẹ̀ ajáko kankan ò sí níbí,” ló wí sókè. “Ipa ìgúnpá nìyí. Ìgúnpá kejì nìyí. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Viola, òkú kì í wọ́ lọ.”

Ipa náà gba ibi tí kòtò ti dẹjú jáde, ó gba àárín ẹ̀gún lọ tààrà sí ìdí táńkì irin ńlá tí ẹ̀rọ ń da omi sí. Màlúù méjì dí ọ̀nà. Viola fi ọwọ́ òfìfo lù wọ́n, wọ́n sì yà fún un.

Bàbá rẹ̀ wà ní òjìji táńkì, ó fara ti irin tútù náà. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi wé orí. Ètè rẹ̀ ti là, itan rẹ̀ kan sì ti wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Viola fi ìka méjì kan ọrùn rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọkàn bàbá rẹ̀ ló ń lù tàbí ti òun. Arúgbó náà la ojú.

“O pẹ́,” ló wí.

Viola rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó jáde tán.

Àwọn olùtọ́jú dé, wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ náà, wọ́n fi omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Naranjo lóṣòó tì í.

“Don Onofre, ta ló tì yín?”

Ojú arúgbó náà rìn kọjá Naranjo lọ sọ́dọ̀ Leroy, tó dúró lókèèrè láàárín àwọn ọlọ́pàá.

“Òkúta ló yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbí.”

“Ẹ̀yin nìkan. Ọkọ̀ wá ńkọ́? Ṣé òun ló wa ara rẹ̀ dé etí odò?”

“Ọkọ̀ tó gbọ́n ni.”

Olùtọ́jú kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Naranjo ò rín. Viola wo ojú obìnrin náà, ó rí i pé bí arúgbó bá dúró lórí irọ́ yìí, agbára káká ni ẹnikẹ́ni á fi lè yí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ lè parí sí ìdí táńkì yìí. Kò mọ̀ bóyá ohun tí òun fẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rù tún bà á, ẹ̀rù míì tó yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni Leroy wí. Ó ti rìn wá, àwọn ọlọ́pàá ò sì dá a dúró. “Èmi ni mo tì wọ́n, Sájẹ́ǹtì. Mo rò pé wọ́n ti kú, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ wọn sá lọ, mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa wo odò.”

Arúgbó náà di ojú rẹ̀. “Ta ló bi ọ́ léèrè?” ló wí, ṣùgbọ́n kò sí ìbínú nínú rẹ̀.

Ọ̀nà láti ìdí táńkì dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kún fún òkúta, ẹni mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ gbé ibùsùn tí wọ́n tẹ́ arúgbó náà sí kó má baà fì. Àwọn olùtọ́jú jẹ́ méjì, Naranjo mú igun kẹta. Kí ọlọ́pàá tó nawọ́ sí ìkẹrin, Leroy ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọlọ́pàá náà wo Naranjo. Naranjo ní kó fi í sílẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nínú oòrùn. Viola ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lára báńdéèjì Leroy, kò sì yí ọwọ́ padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀.

“Rọra,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Kò sẹ́ni tó ń lé wa.”

Nígbà tí wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ tán, Leroy tún aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Naranjo, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i.